ALAN TURING ÀTI ÀYẸ̀WÒ NÍ ÌSỌ̀RÍ-ÌSỌ̀RÍ

Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, àwọn tí a sábà máa ń pìtàn ìgbésí ayé wọn ni àwọn akéwì, àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ọba àti àwọn jagunjagun ilẹ̀ wa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí n pìtàn òyìnbó kan tí kò gbọ́ èdè wa rárá. Alan Mathison Turing ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó tú ẹnà àwọn ará Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà, apá náà gan-an ni ó sì mú mi gbé kálámù: bí ènìyàn ṣe lè pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí ó ṣe lè yan èyí tí yóò yẹ̀ wò nígbà tí agbára rẹ̀ kò ká gbogbo rẹ̀. Àwa tí a ti ń kọ́ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ láti ọdún kìn-ín-ní mọ̀ pé kí a pín nǹkan sí ìsọ̀rí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà ọdún 1912 ni a bí Alan Turing ní àdúgbò Maida Vale ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni àbígbẹ̀yìn. John ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ni Julius bàbá rẹ̀, nítorí náà òun àti Ethel Sara, ìyá ọmọ, a máa padà sí Íńdíà, wọn a sì fi àwọn ọmọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ajagunfẹ̀yìntì kan àti ìyàwó rẹ̀ ní ìlú kan létí òkun. Ní ilẹ̀ Yorùbá a mọ ohun tí alágbàtọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n alágbàtọ́ tiwa sábà máa ń jẹ́ ẹbí ẹni. Àwọn tí ó gba Alan tọ́ kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá.

Ní 1926 ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Sherborne. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wọlé bọ́ sí àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin kò sì rìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti Southampton, ọ̀nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kìlómítà, ó sùn lójú ọ̀nà ní òru ọjọ́ kan, ó sì dé ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba tirẹ̀. Ìwé kíkọ rẹ̀ rí wúruwùru, tádàwá a máa ta sára ìwé rẹ̀, èdè Látìn kò sì wọ̀ ọ́ létí. Ìṣirò nìkan ni ó fẹ́. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ rẹ̀ yìí sọ́kàn.) Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó yé e níbẹ̀, tí òun náà sì yé, ni Christopher Morcom. Ní oṣù kejì ọdún 1930, ikọ́ ife tí ọmọ náà ti kó láti inú wàrà màlúù nígbà èwe rẹ̀ pa á. Turing kò gbàgbé rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àwọn tí ó sì ti pìtàn rẹ̀ ṣáájú mi gbà pé ikú yìí wà lára ohun tí ó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ro bóyá ohun tí à ń pè ní èrò ọkàn lè gbé inú nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ara ènìyàn.

Ó wọ King's College ní Yunifásítì Cambridge ní 1931, nígbà tí ó sì di 1935 wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀, ó jẹ́ ọmọ ọdún 22 péré. Ní 1936 ni ó kọ àpilẹ̀kọ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìbéèrè kan ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń bi ara wọn nígbà náà: ǹjẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo wà tí a lè gbà mọ̀, láìsí iyèméjì, bóyá gbólóhùn ìṣirò kan ṣeé fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ tàbí kò ṣeé fi múlẹ̀? Turing fi hàn pé kò sí. Kí ó tó lè fi èyí hàn, ó fi ọkàn yàwòrán ẹ̀rọ kan tí ó ń rìn lórí tẹ́ẹ̀pù gígùn, tí ó ń ka àmì kan, tí ó ń pa á rẹ́ tàbí tí ó ń kọ òmíràn, tí ó sì ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà òde òní lè ṣírò tí ẹ̀rọ inú ọkàn yìí kò lè ṣírò bí a bá fún un ní àyè àti àkókò tó.

Àwa náà mọ ohun tí ó ń jẹ́ àmì méjì. Ojú ẹyọ kan tàbí ojú méjì ni babaláwo ń tẹ̀ sórí ọpọ́n, láti inú ìwọ̀nyí ni ojú odù 16 ti jáde, tí 16 ní ọ̀nà 16 sì fi di 256. Èmi kò wí pé Turing mọ Ifá o, n kò sì fẹ́ràn àwọn tí ń sọ pé gbogbo ìmọ̀ òyìnbó ti wà nínú àpò àwọn baba wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó wù mí láti tọ́ka sí ni pé babaláwo kì í ki gbogbo ẹsẹ̀ Ifá tí ó mọ̀ fún ẹni tí ó wá dáfá. Odù tí ó bá hù ni ó ń sọ ìsọ̀rí tí yóò ki, àwọn tí ó kù yóò sì dúró de ọjọ́ tiwọn. Bí kò bá sí odù, ilẹ̀ ìbá máa ṣú mọ́ oníbèérè lórí ẹní.

Lẹ́yìn ọdún méjì ní Princeton ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1938, Turing padà sílé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ó lọ sí Bletchley Park, ilé ńlá kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn atúṣẹ̀ẹ́nà jọ sí.

Ẹnà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọmọdé máa ń fi gá, gé, gó sí ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan kí àgbàlagbà má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní 1982. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ òfin ẹnà wa lẹ́ẹ̀kan ti gbọ́ ọ títí láé. Ti àwọn ará Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Enigma ni orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ wọn dà. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́ta ń yí nínú rẹ̀ bí a ti ń tẹ lẹ́tà, débi pé bí a bá tẹ A lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè di lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí ètò ẹ̀rọ náà padà. Iye ọ̀nà tí a lè gbà to èyí tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń lò lé ní 158 tí òdo 18 tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tí ó lè dán gbogbo rẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn ará Pólàǹdì ni ó kọ́kọ́ tú u, láti 1932, Marian Rejewski ni aṣáájú wọn. Ní oṣù keje ọdún 1939 ni wọ́n fi àṣírí náà lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ́wọ́. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìtàn Turing ni ó fò ó dá.

Ohun tí Turing ṣe ni pé ó ronú ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa dán Enigma wò, Gordon Welchman sì tún un ṣe kí ó lè yára sí i. Bombe ni wọ́n pè é, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì dé ní oṣù kẹta ọdún 1940. Kí a tó gbé ẹ̀rọ náà dìde, ènìyàn ní láti kọ́kọ́ fura sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán, bí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí àwọn ará Jámánì máa ń rán ní òwúrọ̀. Enigma ní àbùkù kan: lẹ́tà kankan kò lè yí padà sí ara rẹ̀. Nítorí náà a óò gbé ọ̀rọ̀ tí a fura sí sí abẹ́ ẹnà náà, a óò máa sún un. Níbikíbi tí lẹ́tà kan bá ti bá ara rẹ̀ pàdé, ibẹ̀ kọ́ ni. A ti jù ú nù láìlo ẹ̀rọ kankan.

Ogun ojú omi ni ó le jù. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rì àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa: Freetown ni àwọn ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ń kó ẹrù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń gbéra lọ sí Liverpool, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni a sì rì ní 1941. Ẹkùrọ́, ẹ̀pà àti kòkó àwọn àgbẹ̀ wa wà lára ohun tí ń gba ojú omi yẹn kọjá.

Enigma tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ń lò ní kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ tí wọ́n ń ṣa mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ mẹ́ta tí wọ́n ṣà àti bí wọ́n ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra ní 8 ní ọ̀nà 7 ní ọ̀nà 6 láti dán wò, èyí tí ó jẹ́ 336. Àwọn ẹ̀rọ Bombe kò sì pọ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń bèèrè fún wọn, àwọn ti òfuurufú ń bèèrè, àwọn ti ojú omi ń ké. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ díẹ̀ yìí dán 336 wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà là yóò ti rì kí ìdáhùn tó dé.

Ibí ni ọgbọ́n Turing ti jáde. Ó dá ọ̀nà kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Banburismus, nítorí pé ìlú Banbury ni wọ́n ti ń tẹ àwọn bébà gígùn tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a lu ihò sí bébà láti dúró fún lẹ́tà inú iṣẹ́ kan, wọn a gbé bébà iṣẹ́ kejì lé e, wọn a máa sún un, wọn a sì máa ka iye ihò tí ó bá ara wọn mu. Bí a bá ti inú ètò ẹ̀rọ kan náà kọ iṣẹ́ méjèèjì, ihò tí ó bára mu yóò pọ̀ ju ti àkọsẹ̀bá lọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. Turing wá ìwọ̀n fún ẹ̀rí, ó pe ìwọ̀n náà ní ban, wọ́n sì ń ro ẹ̀rí kan mọ́ èkejì bí ìgbà tí àwọn ìjòyè bá jókòó gbọ́ ẹjọ́: ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ mú ìfura wá, èkejì fi kún un, títí tí ó fi tó láti dá ẹjọ́ tàbí láti lé e dànù. Láti inú ẹ̀rí wọ̀nyí ni wọ́n ti ń mọ irú kẹ̀kẹ́ tí ó lè wà ní ipò kan àti irú tí kò lè sí níbẹ̀. Nígbà tí ó bá bọ́ sí i, 336 a dínkù sí nǹkan bí 20, ogún yìí nìkan ni wọn a sì gbé fún ẹ̀rọ. Títí di 1943 tí ẹ̀rọ pọ̀ yanturu, ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ Turing fi ń tú ẹnà ojú omi.

Kí a yé é dáradára: Banburismus kò tú ẹnà kan. Ó ń sọ èyí tí ó tọ́ kí a dán wò ni. Sí èrò tèmi, èyí ga ju ẹ̀rọ Bombe fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé alágbára lè ra ẹ̀rọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní púpọ̀ ni ọgbọ́n yíyàn ń gbà.

Ìwà rẹ̀ ní Bletchley pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó fi ṣéènì so ife tíì rẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìmúlégbóná kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e. Nígbà tí òdòdó bá ń tú, tí ó ń mú un sín, a fi ìbòjú tí wọ́n pín nítorí gáàsì olóró sí ojú gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ní 1941 ó fẹ́ fẹ́ Joan Clarke, obìnrin tí òun náà jẹ́ ògbóǹkangí nínú iṣẹ́ Banburismus, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ ara rẹ̀ fún obìnrin náà pé ọkùnrin ni ọkàn òun ń fà sí, àdéhùn ìgbéyàwó náà sì tú ká kí ọdún tó parí; wọ́n ń ṣe ọ̀rẹ́ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ̀wé tààrà sí Churchill pé òṣìṣẹ́ kò tó. Olórí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n fún wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní kíákíá.

Lẹ́yìn ogun, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba ní Teddington, níbi tí ó ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní ACE. Kíkọ́ rẹ̀ falẹ̀, ó sì sú u. Eré sísá ni ó ń fi ìbínú rẹ̀ sí: ní 1947 ó sá eré ọlọ́nà jíjìn tí ó lé ní 42 kìlómítà ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46. Ní 1948 ó kọjá sí Yunifásítì Manchester, níbi tí wọ́n ti mú kọ̀ǹpútà kékeré kan ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí mo ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 1949, ọjọ́ kejì tí ó pé ọmọ ọdún 37, Turing sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan ní Cambridge. Kọ̀ǹpútà EDSAC ti ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ni. Àwọn tí ń kọ ètò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti rí i pé ohun tí ó nira kì í ṣe kíkọ ètò, bí kò ṣe wíwá àṣìṣe inú rẹ̀. Maurice Wilkes tí ó kọ́ EDSAC sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ní 1949 yìí ni ó yé òun pé apá púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé òun ni òun yóò fi wá àṣìṣe nínú ètò tí òun fúnra òun kọ. Ọ̀rọ̀ Turing lórí bí a ṣe ń yẹ ètò ńlá wò kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́.

Ó fi àròpọ̀ ọmọ ilé-ìwé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a fẹ́ ro 1374, 5906, 6719, 4337 àti 7768 pọ̀. Ìdáhùn ni 26104. Bí a bá kọ 26104 nìkan fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó di dandan kí ó tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí a gbé láti ọ̀wọ́ kan lọ sí èkejì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ iye tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílẹ̀, èyíinì ni 34, 17, 29 àti 23 láti ọ̀tún lọ sí òsì, ẹni mẹ́rin lè yẹ ọ̀wọ́ mẹ́rin wò lẹ́ẹ̀kan náà láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ara wọn, ẹnì karùn-ún a sì so wọ́n pọ̀. Bí 29 bá jẹ́ 28, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni a óò padà sí.

Bákan náà ni ó ní kí ẹni tí ó kọ ètò ṣe. Kí ó gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó sì kọ sí oríta kọ̀ọ̀kan ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ bí iṣẹ́ bá dé ibẹ̀. Ayẹ̀wò kò ní láti lóye gbogbo ètò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹyọ kan ni yóò mú, yóò wò ó bóyá láti òtítọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a lè dé òtítọ́ ìparí rẹ̀. Ó tún béèrè fún ẹ̀rí pé ètò náà yóò parí, kì í ṣe pé yóò máa yí po títí láé: kí a tọ́ka sí iye kan tí ń dínkù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé ohun tí Turing ń sọ ni fífi ọgbọ́n ìṣirò jẹ́rìí, kì í ṣe mímú ètò ṣiṣẹ́ láti dán an wò. Nǹkan méjì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni tí ń kọ ìdánwò ẹyọ-ẹyọ fún kọ̀ǹpútà lónìí, ọ̀nà kan náà ni ó ń rìn: gé e, sọ ohun tí ó yẹ kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan mú jáde, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀.

Ọmọ Kúta ni mí, nítòsí Ìwó. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá ni mo rí iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ojú ara mi nílé wa, lọ́wọ́ àbúrò mi kan tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà, ó ń kọ ètò kan tí yóò máa tọ́jú oríkì àwọn ìdílé, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Mo bi í ní ohun tí ń ṣe é tí ó fi ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tí ń retí lẹ́tà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀wọ́ jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìdánwò ni òun kọ ti ètò náà, àti pé òun fi orúkọ ìsọ̀rí sára ìdánwò kọ̀ọ̀kan: àwọn kan wà lábẹ́ àmì ohùn, àwọn kan lábẹ́ ibi ìpamọ́ ọ̀rọ̀, àwọn kan ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì lọ́ra tí òun fi orúkọ ìlọ́ra wọn pè wọ́n. Ìdánwò kan lè wà ní ìsọ̀rí méjì. Iná ọba kò sí lọ́jọ́ náà, bátìrì rẹ̀ sì ti ń lọ sópin. Kò lè mú gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní kí ẹ̀rọ mú ìsọ̀rí àmì ohùn nìkan, kí ó sì yọ àwọn tí ó lọ́ra sílẹ̀. Kí n tó mú omi tán, ó ti parí, pupa kan sì wà láàrin àwọn ewé tútù.

Pupa yẹn ni ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ìdánwò náà béèrè pé lẹ́tà mélòó ni ó wà nínú ọkọ̀, ètò náà sì dáhùn pé mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ní àyè kan fún ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àyè ẹyọ kan fún ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ tí ó tún ní ohùn lókè. Àmì ohùn ń tẹ̀ lé e bí lẹ́tà ọ̀tọ̀. Nítorí náà ètò tí kò bá kíyè sára lè ka ọkọ̀ sí mẹ́rin, ó lè gé àmì kúrò lára rẹ̀ kí ó sọ ọ́ di ọkọ, tàbí kí ó máà rí i nígbà tí a bá ń wá a. Àwọn tí ń kọ ètò ní ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ọ̀tá wa. Gbogbo ìdánwò wọn ni ó yege. Kò kàn sí ìsọ̀rí kan níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Yorùbá ni, ohun tí a kò sì kọ ìdánwò fún kò lè kùnà. Àwọn tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ ni yóò kọ ìsọ̀rí yẹn, ìyẹn sì ni àwa.

Àbúrò mi kìlọ̀ fún mi pé ìsọ̀rí ní ewu tirẹ̀. Ìdánwò tí a bá ti pè ní alọ́ra, ọjọ́ ń gorí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní yàn án, a ó sì máa yọ̀ pé ara ètò le. Nítorí náà òun a máa mú gbogbo ìsọ̀rí ṣiṣẹ́ kí òun tó fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìbáà gba òru. Mo rántí àwọn tí ìjọba ń rán láti yẹ kòkó wò láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń ti irin bọ àpò láti fa hóró jáde. Wọn kì í tú gbogbo àpò, àgbẹ̀ tí ó bá sì mọ ibi tí irin kì í dé mọ ibi tí yóò kó hóró burúkú sí.

Irinṣẹ́ tí ó sọ ìdánwò ẹyọ-ẹyọ di ìlúmọ̀ọ́ká ni JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma kọ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní 1997. Ní 2009 ni a fi ìsọ̀rí kún un, kí ènìyàn lè yan ọ̀wọ́ tí ó bá fẹ́. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún nígbà náà tí Turing ti sọ̀rọ̀ ní Cambridge.

Turing kò pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ní 1950 ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ lè ronú, ó sì dá ìdánwò kan lábàá tí a ṣì ń jiyàn lé lórí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1952 olè fọ́ ilé rẹ̀, ó lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, nínú ìwádìí ni ó sì ti jẹ́wọ́ pé òun àti ọ̀dọ́kùnrin kan ń bára wọn lò pọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kà á sí ọ̀ràn. Wọ́n ní kí ó yan ẹ̀wọ̀n tàbí oògùn tí yóò pa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yan oògùn, ó sì lò ó fún ọdún kan. Wọ́n gba àyè iṣẹ́ àṣírí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gba àwọn ọkọ̀ wọn là ni ẹ rí yẹn, ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè gbọ́ nípa ìyẹn, nítorí pé àṣírí ni.

Ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1954 ni ó kú ní ilé rẹ̀ ní Wilmslow, ó ku ọjọ́ 16 kí ó pé ọmọ ọdún 42. Májèlé sáyánáìdì ni ó pa á. Èso ápù tí ó ti gé jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ sọ pé ó pa ara rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò gbà, ó ní oògùn tí ọmọ òun fi ń ṣe àdánwò nínú ilé ni ó ṣèèṣì wọ̀ ọ́ lára. Ẹnikẹ́ni kò yẹ èso ápù náà wò láti mọ̀ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1959, kò lè sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe nígbà ogun, àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ Bletchley tó jáde sí gbangba. Láti 1966 ni a ti ń fi ẹ̀bùn ọlọ́dọọdún tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́lá. Ní 2009 olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì ní orúkọ ìjọba, ní 2013 ọbabìnrin dárí jì í, ní 2021 sì ni àwòrán rẹ̀ jáde lára owó 50 pọ́n-ùn.

Ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́ta yẹn ńkọ́? Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ ṣi ọ̀pọ̀ àmì inú rẹ̀ kọ, débi pé ẹni tí ó bá kà á kò lè tọpa ìṣirò náà dé ìparí. Ní 1967 àti 1969, Robert Floyd àti Tony Hoare gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde, ọ̀dọ̀ wọn ni ayé sì ti kọ́ ọ. Ní 1984 ni Morris àti Jones jókòó ti ojú ewé mẹ́ta náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún àṣìṣe ìtẹ̀wé rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tún un tẹ̀ kí a lè kà á.